Àtẹ̀gùn Omi ní Caen Hill: Ìtàn àti Ọ̀nà Ìṣiṣẹ́ Àwọn Lọ́ọ̀kì Orí Odò Àfọwọ́gbẹ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òwe yìí bá ìṣẹ̀dá omi mu, nítorí pé ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ni omi máa ń wá lọ. Kì í fúnra rẹ̀ gun òkè. Èyí kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó ń tukọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdènà ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù gba orí òkè kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí àwọn alárù àti ẹṣin bá a gbé e gòkè. Bí kò bá fẹ́ ṣe èyí, àfi kí ó wá ọgbọ́n tí ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ yóò fi gòkè lórí omi. Ọgbọ́n kejì yìí ni ó bí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lọ́ọ̀kì.

Lọ́ọ̀kì ni yàrá omi tó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, tí a kọ́ sójú odò kí ọkọ̀ lè ti ibi tí omi ti rẹlẹ̀ bọ́ sí ibi tí omi ti ga, tàbí kí ó ti ibi gíga sọ̀ kalẹ̀. Orí odò àfọwọ́gbẹ́, èyíinì ni odò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ni ó wọ́pọ̀ sí jù. Níbi tí òkè bá ti ga ju èyí tí lọ́ọ̀kì kan lè borí lọ, wọn a máa to ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀kì tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni to àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú irú àtẹ̀gùn omi bẹ́ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó wà ní Caen Hill, lẹ́bàá ìlú Devizes, ní ẹkùn Wiltshire. Lọ́ọ̀kì 29 ni ó wà níbẹ̀, láàárín ìrìn máìlì 2 péré. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ gòkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 237, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 72. Ìtàn àtẹ̀gùn yìí, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ó ṣe bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Lọ́ọ̀kì

Lọ́ọ̀kì kì í ṣe ọgbọ́n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ìtàn ti kọ́kọ́ mẹ́nu bà á. Láyé àtijọ́, bí ọkọ̀ bá dé ibi tí omi ti ga jura lọ lórí odò àfọwọ́gbẹ́ ńlá ilẹ̀ náà, ńṣe ni wọ́n ń fi okùn fa ọkọ̀ tẹrùtẹrù gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi òkúta ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń fọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ọkọ̀ bá sì ti fọ́, àwọn olè a wá kó ọkà ìjọba tó wà nínú rẹ̀. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Qiao Weiyue ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ètò ìfọkọ̀-kẹ́rù. Ní ọdún 984, ó ṣe ìlẹ̀kùn méjì sójú odò náà, ó sì fi àyè tí ọkọ̀ lè gbà sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n sì ṣí ìkejì, omi inú àyè náà a ga sókè tàbí kí ó fà sílẹ̀, ọkọ̀ a sì bá a lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fa okùn. Báyìí ni ọkọ̀ fífọ́ dáwọ́ dúró, olè kò sì rí ọkà jí mọ́.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ará Ítálì ni wọ́n mú ìlọsíwájú bá ìlẹ̀kùn lọ́ọ̀kì ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń fà sókè bí ẹni ṣí pàkúté. Àwòrán ìlẹ̀kùn alápá méjì tó pàdé ara wọn ní ìgun bí orí ọfà wà nínú àwọn ìwé tí Leonardo da Vinci fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ibi tí omi ti ga ni ẹnu ọfà náà máa ń kọjú sí. Nítorí náà, bí omi bá ṣe ń ti ìlẹ̀kùn tó ni apá méjèèjì yóò ṣe máa fún mọ́ra tó. Agbára omi tí à ń sá fún ti di ohun tó ń ti ìlẹ̀kùn pa. Irú ìlẹ̀kùn yìí ni wọ́n ń lò ní Caen Hill títí di òní.

Ìdí Tí Wọ́n Fi Gbẹ́ Odò Kennet àti Avon

Odò àfọwọ́gbẹ́ tí Caen Hill wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kennet àti Avon. Orúkọ odò àdánidá méjì ni wọ́n so pọ̀. Odò Kennet ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn títí ó fi dà sínú odò Thames, èyí tó gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Odò Avon ní tirẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba Bath àti Bristol lọ sínú òkun. Wọ́n ti tún odò Kennet ṣe kí ọkọ̀ lè máa gbà á títí dé Newbury ní ọdún 1723. Ní ọdún 1727, wọ́n parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí odò Avon láti Bristol dé Bath. Ohun tó kù ni nǹkan bíi máìlì 57 tó wà láàárín Newbury àti Bath.

Àwọn oníṣòwò fẹ́ kí àlàfo yìí dí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù láti Bristol lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ní láti gba ojú òkun yí gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì po. Ìjì wà lójú òkun, àwọn ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè ọ̀tá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ojú ọ̀nà ilẹ̀, ẹrù tí ẹṣin kan lè fi kẹ̀kẹ́ fà kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹṣin kan náà lè fà bí ó bá wà nínú ọkọ̀ lórí omi. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí gbígbẹ́ odò náà ní ọdún 1794. Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ John Rennie ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òkè tó wà lẹ́bàá Devizes ni ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun náà sì ni ó kẹ́yìn.

Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Àtẹ̀gùn Náà

Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti ìhà Bristol, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò máa rìn lé títí yóò fi dé abúlé Foxhangers. Níbẹ̀ ni òkè ti gbé orí sókè lójijì. Rennie kò lè yí òkè náà po, kò sì lè gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó to lọ́ọ̀kì 29 láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ìpín mẹ́ta. Ìpín àkọ́kọ́ ni lọ́ọ̀kì 7 tó jìnnà síra díẹ̀ ní ìhà Foxhangers. Ìpín kejì ni lọ́ọ̀kì 16 tó tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà tó gún gbọọrọ, níbi tí òkè ti dúró gangan jù. Ìpín kẹta ni lọ́ọ̀kì 6 tó mú odò náà wọ ìlú Devizes. Lónìí, nọ́ńbà 22 ni wọ́n kọ sára èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 50 sì ni ti òkè pátápátá, nítorí pé láti ìhà Bristol ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé parí lọ́dún kan tàbí méjì. Kí odò má baà dúró láìwúlò, wọ́n ṣe ojú irin kan tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ láti Foxhangers gòkè lọ sí Devizes. Láti ọdún 1802 títí di 1810, bí ọkọ̀ bá dé ìsàlẹ̀ òkè, wọn a já ẹrù rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, wọn a sì tún kó o sínú ọkọ̀ mìíràn lókè. Amọ̀ wà nítòsí, nítorí náà wọ́n dá ebu bíríkì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́. Inú amọ̀ òkè náà ni ògiri àwọn lọ́ọ̀kì ti jáde wá. Ebu yìí pẹ́ ju iṣẹ́ tó torí rẹ̀ wáyé lọ, nítorí pé wọ́n ṣì ń sun bíríkì tà níbẹ̀ títí di àárín sẹ́ńtúrì ogún. Ní ìparí ọdún 1810, wọ́n ṣí àtẹ̀gùn náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan náà lè gbéra ní Bristol kí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù láìjẹ́ pé wọ́n já ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èédú, òkúta ìkọ́lé àti ọkà wà lára ohun tí àwọn ọkọ̀ náà ń kó. Èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tan iná gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lọ́ọ̀kì náà ní ọdún 1829, kí ọkọ̀ lè máa kọjá lóru. Ṣílè kan ni ọkọ̀ ńlá ń san fún ìmọ́lẹ̀ náà, ọkọ̀ kékeré sì ń san sísì.

Bí Lọ́ọ̀kì Kan Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ̀yà pàtàkì mẹ́rin ni lọ́ọ̀kì ní. Èkínní ni ìyẹ̀wù, èyíinì ni àyè tí ọkọ̀ ń wọ̀, tí ògiri bíríkì wà ní apá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ìyẹ̀wù ti Caen Hill fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14, ó sì gba ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkejì ni ìlẹ̀kùn onígi. Igi óákù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó sì máa ń lò tó nǹkan bí ọdún 25 kó tó di pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Igi ńlá kan nà jáde láti orí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sí orí bèbè. Igi yìí ni ènìyàn ń fi ẹ̀yìn tì kí ìlẹ̀kùn lè ṣí. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ìlẹ̀kùn. Pátákó kékeré ni, ó dé ihò tí omi ń gbà wọlé tàbí jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i a fi irin ìyí sí ẹnu ẹ̀rọ eléyín tó wà lórí bèbè, a sì máa yí i títí pátákó náà yóò fi gòkè. Ẹ̀kẹrin ni pèpéle ìdí ìlẹ̀kùn òkè, níbi tí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn náà jókòó lé.

Bí ọkọ̀ bá ń gòkè bọ̀, ìyẹ̀wù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà ní òfìfo, kí omi inú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀. Wọn a ṣí ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ọkọ̀ a wọlé, wọn a sì ti ìlẹ̀kùn náà. Wọn a rí i dájú pé àwọn ọmọ ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti padé. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra ṣí àwọn ọmọ ìlẹ̀kùn òkè. Omi òkè a bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìyẹ̀wù, ọkọ̀ a sì máa gbéra sókè díẹ̀díẹ̀. Wọn a fi okùn dì í mú kí ìrugùdù omi má baà gbé e lu ògiri. Nígbà tí omi inú ìyẹ̀wù bá dọ́gba pẹ̀lú ti òkè, ìlẹ̀kùn òkè yóò ṣeé ṣí, ọkọ̀ a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó gbé ọkọ̀ náà. Ìbáà jẹ́ òkúta ni ó kún inú rẹ̀, omi nìkan ni ó gbé e. Iṣẹ́ ènìyàn kò ju kí ó pinnu ibi tí omi yóò gbà àti ìgbà tí yóò gbà á. Bákan náà ni kò sí agbára ènìyàn tó lè ṣí ìlẹ̀kùn kí omi tó dọ́gba. Bí omi ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn bá fi ẹsẹ̀ bàtà 8 ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ, agbára tó ń tì í ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Bí ìyàtọ̀ náà bá sì ku ìwọ̀n íǹṣì díẹ̀, ìlẹ̀kùn kò ní í mira. Ṣùgbọ́n bí ó bá dọ́gba tán, ẹnì kan ṣoṣo lè fi ẹ̀yìn tì í. Sùúrù ni kọ́kọ́rọ́ lọ́ọ̀kì.

Ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́ òdìkejì èyí, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ pọ̀ jù. Bí omi bá ti ń fà nínú ìyẹ̀wù, pèpéle ìdí ìlẹ̀kùn òkè, tó ti wà lábẹ́ omi tẹ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lókè rẹ̀, ìdí náà yóò jókòó lé pèpéle nígbà tí iwájú ọkọ̀ ń bá omi lọ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ lè dojú kodò kí ó sì rì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ọ̀dà funfun fa ìlà sára ògiri, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ ibi tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ìdí ọkọ̀ bá kọ́ pèpéle, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí wọ́n ti ọmọ ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kíá, kí wọ́n sì rọra ṣí ti òkè kí omi lè gbé ọkọ̀ náà sókè padà. Ewu yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n so okùn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní kókó bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tí a bá so bẹ́ẹ̀ yóò fi ara kọ́ lójú òfuurufú nígbà tí omi bá ti fi í sílẹ̀.

Ìwúlò Àwọn Adágún Ẹ̀gbẹ́

Bí ó bá jẹ́ lọ́ọ̀kì kan ni, àlàyé ì bá parí síbí. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kì 16 tó fún mọ́ra lójú kan mú ìṣòro mìíràn wá. Omi tó ń kún lọ́ọ̀kì kan ní láti wá láti inú àlàfo omi tó wà lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tú omi kan náà sílẹ̀, inú àlàfo ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Níbi tí lọ́ọ̀kì bá ti jìnnà síra, àlàfo yìí gùn, ó sì lè fúnni lómi láìmọ̀ ọ́n lára. Ní Caen Hill, òkè dúró gangan débi pé àlàfo náà kúrú púpọ̀.

Ìṣirò kékeré kan lè mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ìyẹ̀wù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 72, tó fẹ̀ ní 14, tí omi rẹ̀ sì ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ń lo nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 50,000 lẹ́ẹ̀kan. Ká ní àlàfo tó wà láàárín lọ́ọ̀kì méjì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 150, tó sì fẹ̀ ní 30. Bí wọ́n bá fa omi lọ́ọ̀kì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, omi rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ lè jókòó sínú ẹrẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni wọ́n tú sínú rẹ̀ nígbà tí ó ti kún, yóò ya kọjá bèbè, omi náà yóò sì ṣòfò.

Ọgbọ́n tí Rennie ta ni pé ó gbẹ́ adágún ńlá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àlàfo náà, ní apá àríwá. Lọ́ọ̀kì 15 nínú 16 náà ni ó ní irú adágún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òkè kò jẹ́ kí àlàfo gùn, ó fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ojú omi àlàfo bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, omi tí ì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ sílẹ̀ kò ní í ju íǹṣì 2 àti díẹ̀ lọ. Àwọn adágún yìí, tó nà bí ìka ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ni àwọn àlejò sábà máa ń yà fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Bí kò bá sí àwọn adágún náà, àtẹ̀gùn yìí kò ní í ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ Omi: Ibi Tí Ìṣòro Wà

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọkọ̀ tó gba lọ́ọ̀kì 29 kọjá ti lo omi lọ́ọ̀kì 29. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, omi tí wọ́n tú jáde ní lọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ ni ó dí ipò èyí tí ìkejì yóò lò. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí dé ìsàlẹ̀. Ohun tí òkè pàdánù kò ju omi lọ́ọ̀kì kan lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá jọ wọ lọ́ọ̀kì pọ̀, ìdajì ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè tán, tí òmíràn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, omi tó gbé ti àkọ́kọ́ sókè náà ni yóò gbé ti ìkejì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọlọ́kọ̀ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń dúró de ẹnìkejì.

Síbẹ̀síbẹ̀, ohun tó bá lọ ti lọ. Láti Devizes lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, omi tó tẹ́jú tó gùn tó máìlì 15 ni ó wà láìsí lọ́ọ̀kì kankan. Inú rẹ̀ ni àtẹ̀gùn Caen Hill ti ń mu omi. Òkè tó ga jù lójú ọ̀nà wà níwájú sí i, kò sì sí odò àdánidá tó lè ṣàn dé ibẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ sí Crofton kí ó máa fa omi lọ sókè fún odò náà. Ẹ̀rọ kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1812 ṣì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀, inú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí náà ni ó sì wà di òní. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀ báyìí, wọn a sì máa ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ náà fún àlejò wò.

Ìṣubú Odò Náà àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ọdún 31 péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àtẹ̀gùn Caen Hill ni ọkọ̀ ojú irin Great Western bẹ̀rẹ̀ sí í ti Lọ́ńdọ̀nù dé Bristol. Ọdún 1841 ni. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn, wákàtí díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fi ń rìn ín. Ní ọdún 1852, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà ra odò àfọwọ́gbẹ́ yìí. Ẹni tó ń bá ènìyàn du ọjà ti wá di olówó orí rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n máa tọ́jú odò náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mú kí wọ́n fẹ́ kí ó gbèrú. Ọkọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1948, ọkọ̀ kan kó ọkà láti Avonmouth lọ sí Newbury. Ẹrù ọjà tó gba àtẹ̀gùn náà kọjá kẹ́yìn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ògiri ń ya lulẹ̀, koríko sì bo àwọn adágún. Ní ọdún 1956, wọ́n gbé àbádòfin kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí yóò fòpin sí ẹ̀tọ́ tí ọkọ̀ ní láti máa gba odò náà láti Reading dé Bath. Àwọn tó fẹ́ràn odò náà kò gbà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin, ó lé ní 20,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí i. Ọ̀nà omi ni wọ́n fi gbé ìwé náà láti Bristol lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ibì kan nínú odò náà kò ṣeé gbà mọ́. Ìgbìmọ̀ kò dá ẹ̀tọ́ náà padà fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan sínú òfin pé odò náà kò gbọdọ̀ bàjẹ́ ju bí ó ṣe wà lọ. Ìṣẹ́gun kékeré ni, àmọ́ òun ni kò jẹ́ kí wọ́n dí odò náà pa kí wọ́n sì kọ́lé lé e lórí.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti gba odò náà sílẹ̀ yí padà di ẹgbẹ́ aláàánú ní ọdún 1962. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n gé igi tó hù nínú ìyẹ̀wù, wọ́n sì ń kó owó jọ. Àwọn ètò tí ìjọba fi ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ náà pèsè òṣìṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Yorùbá ní bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a lè padà lọ pọn òmíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1990, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Caen Hill, ó sì ṣí odò náà padà láti òpin dé òpin. Ọdún 42 ti kọjá lẹ́yìn ẹrù ọkà tó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n agbè ti wà, omi kò tó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé omi òkè kò lè gbé gbogbo ọkọ̀ tó fẹ́ kọjá. Ní ọdún 1996, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfami sí Foxhangers ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Ẹ̀rọ náà lè dá omi tó tó mílíọ̀nù 7 gálọ́ọ̀nù padà sí òkè lóòjọ́, èyí tó tó omi lọ́ọ̀kì kan ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá-mọ́kànlá. Omi tó ti gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tán wá ń padà lọ gbé òmíràn.

Ìkádìí

Láti ọdún 2012, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń jẹ́ Canal & River Trust ni ó ń bójú tó odò náà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó sì máa ń ran àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ nídìí àwọn lọ́ọ̀kì. Ẹrù ọjà kò gba ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe fàájì àti àwọn tó fi inú ọkọ̀ ṣe ilé ni wọ́n ń gbà á, ó sì ń gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti gun lọ́ọ̀kì 29 náà tán.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà pàápàá, nígbà tí wọ́n kọ́ ìsédò Kainji sójú Odò Ọya ní àwọn ọdún 1960, wọ́n kọ́ lọ́ọ̀kì mọ́ ọn kí ìsédò náà má baà dínà mọ́ ọkọ̀. Ìlànà kan náà ni Qiao Weiyue lò, òun náà sì ni Rennie lò. Ohun tí Caen Hill fi kún ìmọ̀ náà ni pé kíkọ́ nǹkan ńlá yàtọ̀ sí títọ́jú rẹ̀. Ọdún 16 ni ó gbà láti ìgbà tí òfin ti fọwọ́ sí odò náà títí di ìgbà tí àtẹ̀gùn rẹ̀ parí. Ọdún díẹ̀ tí kò ní olùtọ́jú ti tó láti sọ ọ́ di igbó. Nǹkan bí ìran méjì ni ó sì ná àwọn ènìyàn kí wọ́n tó lè gbà á padà. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn lóòótọ́. Bí omi Foxhangers bá ń padà sókè lónìí, àwọn ènìyàn ni wọ́n ń dá a padà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ṣíwọ́ ni yóò tún máa bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ lọ.